ÀÀTÀN NÍNÚ ÌTÀN WA: Ọ̀RỌ̀ LÓRÍ ILẸ̀ DÍDÀ NÍ GÚÚSÙ ÈKÌTÌ

Ìfáàrà

 Ọ̀rọ̀ mi dá lórí ohun tí gbogbo wa ń fi ọwọ́ gbé sọnù ní òwúrọ̀, tí a kì í sì í fẹ́ rántí mọ́ ní ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi kan pé ààtàn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, ó bi mí bóyá ọba àti ogun ti tán nínú ìtàn ni. Mo dá a lóhùn pé wọn kò tán, ṣùgbọ́n kò sí ọba tí ó jẹ tí a kò gbálẹ̀ ààfin rẹ̀, kò sì sí ibùdó ogun tí kò ní ibi tí wọ́n ń da eérú sí.

Àwọn awalẹ̀pìtàn mọ èyí dáadáa. Inú ohun tí àwọn baba ńlá wa dà nù ni wọ́n ti ń rí ìtàn kà. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Akinwumi Ogundiran gbẹ́ ilẹ̀ ní igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, ààtàn àtijọ́ wà lára ohun tí ó fi mọ bí àwọn tí ó kọ́kọ́ tẹ ibẹ̀ dó ṣe gbé ìgbé ayé wọn. Ní Ilé-Ifẹ̀ ẹ̀wẹ̀, àfọ́kù ìkòkò tí a tò sí ojú ilẹ̀ ní nǹkan bí 700 ọdún sí 1,000 ọdún sẹ́yìn ṣì wà títí di òní. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé Lúwo, obìnrin tí ó jọba ní Ifẹ̀, ni ó pàṣẹ rẹ̀ kí ẹrẹ̀ má baà ba òun lẹ́sẹ̀ jẹ́. Ohun tí ó ti fọ́, tí kò wúlò fún ọbẹ̀ mọ́, ni wọ́n fi ṣe títì fún ọba.

Ìbéèrè mẹ́ta ni mo fẹ́ dáhùn lónìí. Èkíní: báwo ni àwọn ìlú gúúsù Èkìtì, bí Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀, Ọ̀rùn àti Èmùré, ṣe ń da ilẹ̀ wọn kí ìjọba tó dá sí i? Èkejì: kí ni ó yí padà? Ẹ̀kẹta: níbo ni a ó máa dà á sí ní ogún ọdún sí àsìkò yìí? Ìbéèrè ẹ̀kẹta yìí lè dà bí iṣẹ́ ẹlòmíràn, kì í ṣe ti òpìtàn. Ṣùgbọ́n ẹ ó rí i pé bí a kò bá mọ ìtàn méjì àkọ́kọ́, a kò lè dáhùn rẹ̀.

Ààtàn Agbo Ilé

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú èdè. Ààtàn ni àwọn kan ń pè é, àkìtàn ni àwọn mìíràn ń wí, àtìtàn sì tún wà. Ohun tí a gbá jọ ni a ń pè ní ilẹ̀. Ibi tí a ń dà á sí, ilẹ̀ náà ni. Yorùbá kò fi ọ̀rọ̀ méjì ya ìdọ̀tí sọ́tọ̀ kúrò lára ilẹ̀ tí ó gbà á, ó sì ní ìdí. Nígbà náà, ohun tí a gbá jáde láti inú ilé, láti inú ilẹ̀ ni ó ti wá, yóò sì padà di ilẹ̀ kí ọdún tó yí po.

Ẹ wo ohun tí ó wà nínú rẹ̀: eruku, eérú, èèpo iṣu tí ewúrẹ́ kò jẹ tán, ewé tí a fi pọ́n ẹ̀kọ, pòpórò àgbàdo, egungun, àti àpáàdì. Eérú pàápàá kì í ṣe ohun tí a ń yára dànù, nítorí pé alárẹ̀ nílò rẹ̀, oníṣẹ́ ọṣẹ dúdú náà sì nílò rẹ̀. Ẹ tún wo ibi tí ààtàn wà. Kòtò tí a ti wa amọ̀ láti fi mọ ilé ni ó sábà máa ń di ààtàn agbo ilé. Ilé ni ó gbẹ́ kòtò náà, ilé náà ni ó sì ń dí i padà. Bí ó bá kún, wọ́n a fi í sílẹ̀ kí ó jẹrà, wọ́n a gbin tẹ̀tẹ̀, ewúro tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí orí rẹ̀, ìbẹ́pẹ a sì hù níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbìn ín.

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ kí a mú nínú èyí. Ààtàn ní olówó: agbo ilé ni ó ni ín, bí òórùn rẹ̀ bá sì ń da aládùúgbò láàmú, a mọ ẹni tí a ó pè. Ààtàn ní òfin: a kì í gbálẹ̀ lóru, bí ó bá sì di dandan, a kì í kó o jáde títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, kí ohun tí ó ṣe pàtàkì má baà bá pàǹtírí lọ nínú òkùnkùn. Ẹ̀kẹta, ààtàn ní òpin: a mọ̀ pé yóò kún, a sì mọ ohun tí yóò dà lẹ́yìn tí ó bá kún. Ìyá mi àgbà kò jẹ́ kí a da àfọ́kù ìgò sí ààtàn ẹ̀yìnkùlé wa. Kòtò ọ̀tọ̀ ni ó ń kó o sí, nítorí pé àwa ọmọdé ni a ń lọ já ẹ̀fọ́ níbẹ̀. Kò lọ sí ilé ìwé kankan, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ohun tí ó ń jẹrà àti ohun tí kì í jẹrà kò gbọdọ̀ sùn sí ibì kan náà.

N kò sọ èyí láti fi hàn pé àwọn àgbà kò ní àrùn tàbí pé ìlú wọn kò ní òórùn. Eṣinṣin wà, ìgbẹ́ gbuuru wà, ilẹ̀gbóná sì pa wọ́n lọ́pọ̀lọpọ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ètò wà, àti pé ètò náà bá ohun tí wọ́n ń dà nù mu.

Wolé-wolé àti Òfin Ìjọba

Nígbà tí ogun Kírìjì parí, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì fi ìdí múlẹ̀ ní ilẹ̀ Èkìtì, ojú mìíràn ni a fi bẹ̀rẹ̀ sí í wo ààtàn. Lójú oníṣègùn àwọn Òyìnbó, ibùgbé àrùn ni, dandan sì ni kí ó kúrò ní ẹ̀yìnkùlé. Ọdún 1917 ni òfin ìlera ìlú àti òfin ìṣètò ìlú jáde fún gbogbo Nàìjíríà. Èkó nìkan ni a fi sí ipò kìíní nínú àwọn ìlú. Àwọn ìlú ilẹ̀ Èkìtì wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ti àwọn ọba, owó díẹ̀ ni ó wà lọ́wọ́ wọn fún irú iṣẹ́ yìí.

Èkó ni ìbẹ̀rù ti gbilẹ̀. Ní 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí èkúté ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn. Ní 1928, ìjọba dá ìgbìmọ̀ tí yóò tún Èkó ṣe sílẹ̀. Ní àkókò yìí kan náà ni Dókítà Isaac Ladipo Oluwole, tí ó wà lára àwọn ọmọ ilẹ̀ wa àkọ́kọ́ tí ó di oníṣègùn ìlera ìlú ní Èkó, dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Yábàá níbi tí a ti ń kọ́ àwọn tí yóò máa yẹ ilé wò. Àwọn wọ̀nyí àti irú wọn ni ará ìlú sọ ní wolé-wolé.

Àwọn tí ó dàgbà tó nínú wa rántí wolé-wolé. Yóò ṣí ìkòkò omi láti wo tanwíjí, yóò yí ẹ̀yìnkùlé po, bí ó bá sì rí pàǹtírí, ìwé ìpè sí kóòtù ni. Ó ṣe rere, ẹ má jẹ́ kí a gbàgbé. Ṣùgbọ́n ó tún mú ohun kan wọ inú ọkàn wa tí kò tíì jáde títí di òní: pé ilẹ̀ jẹ́ ohun tí a gbọ́dọ̀ gbé kúrò ní ojú wolé-wolé. Ibi tí ó bá lọ lẹ́yìn náà, wolé-wolé kò bi wá. Báyìí ni ààtàn ṣe kúrò ní ti agbo ilé, tí ó di ti ìjọba. Ohun tí ó sì di ti ìjọba ní ilẹ̀ wa, ẹ mọ̀ pé kì í pẹ́ di ti ẹnikẹ́ni.

Ohun tí ó Yí Padà

Bí wolé-wolé ṣe yí ibi tí a ń da ilẹ̀ sí padà ni ọjà yí ohun tí a ń dà padà. Owó kòkó àti ọ̀nà mọ́tò gbé agolo, ìgò àti páànù wọ inú ilé. Owó epo rọ̀bì ti àwọn ọdún 1970 gbé ike dé. Láti àwọn ọdún 1990 ni omi inú ọ̀rá ti gba ìgboro, ọ̀rá dúdú sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ewé àti apẹ̀rẹ̀ lọ́jà. Lẹ́yìn ìwọ̀nyí ni bátìrì, fóònù àti ohun èlò àlòkù láti òkè òkun tún dé. Ọwọ́ kan náà tí ó ń da èèpo iṣu nù ni ó ń da ọ̀rá nù, sí ibì kan náà, pẹ̀lú ìrònú kan náà pé ilẹ̀ yóò gbé e mì. Ilẹ̀ kò gbé e mì.

Òfin pàápàá yí padà. Àtúnṣe ìjọba ìbílẹ̀ ti 1976, ọdún náà gan-an tí a dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, fi ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́. Ìwé òfin 1999 sì tún un sọ nínú àfikún rẹ̀ kẹrin. Ní 1984, ìjọba ológun bẹ̀rẹ̀ ogun tí ó gbé ti ìwà àìbìkítà. Ní 1985, ogun náà kan ìmọ́tótó àyíká, Sátidé tí ó kẹ́yìn oṣù sì di ọjọ́ ilẹ̀ gbígbá. Èmi náà kọ́kọ́ yọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: òkìtì tí a gbá jọ sí etí títì ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ náà, níbo ni ó ń gbà lọ? Ní ọ̀pọ̀ ìlú, òjò ni ó ń kó o lọ sínú odò kí ọkọ̀ tó dé. Ètò ilẹ̀ gbígbá ni a ní, a kò ní ètò ilẹ̀ dídà.

Nígbà tí a dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1996, àwọn ìlú wa gbòòrò sí i. Ìpínlẹ̀ náà ní àjọ tí ń bójú tó ìdọ̀tí, a sì mọ ààtàn ńlá Ilokun ní Adó. Ṣùgbọ́n Adó kọ́ ni gbogbo Èkìtì, kì í sì í ṣe gbogbo ilẹ̀ gúúsù Èkìtì ni ọkọ̀ lè máa gbé lọ sí Adó lójoojúmọ́.

Ohun tí ojú Ìbàdàn, Èkó àti Kampala rí

Ẹni tí kò tíì rìn jìnnà lè kọ́ ọgbọ́n lára ẹni tí ó ti ṣubú. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa ní Ìbàdàn kún kọjá ààlà rẹ̀, ó gbé ilé, ó sì gbé ènìyàn. Pàǹtírí tí ó dí ojú odò àti ilé tí a kọ́ sí etí rẹ̀ wà lára ohun tí ó fà á. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omíyalé tún ṣẹlẹ̀ ní ìlú yìí kan náà, ó lé ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ó kú. Lónìí Ìbàdàn ní ààtàn ńlá bí ti Àbà-Ẹ̀kú, Ajákáńgà, Lápítẹ̀ àti Àwótán. Ẹ kíyè sí orúkọ wọ̀nyí: orúkọ abúlé ni wọ́n.

Ní Èkó, wọ́n ṣí ààtàn Olúsosùn ní 1992, ó fẹ̀ tó nǹkan bí hẹ́kítà 42. Etí ìlú ni wọ́n rò pé wọ́n wà. Ìlú dé, ó yí i ká. Ní oṣù kẹta ọdún 2018, iná sọ níbẹ̀, èéfín sì bo àdúgbò. Iná kò ṣàjèjì sí irú ibẹ̀, nítorí pé ohun tí ó ń jẹrà ní abẹ́ òkìtì, níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé, ń tú gáàsì tí iná ń ràn. Ní Kampala ní orílẹ̀-èdè Uganda, ààtàn Kiteezi tí a ṣí ní 1996 wó lulẹ̀ ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 2024 lẹ́yìn òjò ńlá, ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní 30.  Ààtàn ni ó ga tí ó sì wó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ẹ má sì jẹ́ kí a gbàgbé Kókó, tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Bendel ìgbà náà. Ní 1988 ni àṣírí tú pé wọ́n ti kó ìdọ̀tí olóró tí ó tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún tọ́ọ̀nù wá láti ilẹ̀ Ítálì, tí wọ́n tò ó jọ sí àgbàlá ará ìlú kan tí wọ́n ń san owó kékeré fún lóṣooṣù. Ìjọba dá a padà, ó sì dá àjọ àpapọ̀ tí yóò dáàbò bo àyíká sílẹ̀ ní ìparí ọdún náà. A bínú nígbà náà, ìbínú wa sì tọ́. Ṣùgbọ́n mo ń bi ara mi pé: bí ó bá burú kí ará Ítálì da ìdọ̀tí rẹ̀ sí àgbàlá ará Kókó, kí ni a ó ti pe ará ìlú ńlá tí ń da tirẹ̀ sí oko ará abúlé láìbi í? Àwọn àgbà ní, ẹni tí ó ṣu a máa gbàgbé, ẹni tí ó kó o kì í gbàgbé.

Ilẹ̀ Wa àti Ìṣirò Ọ̀la

Ẹni tí ó bá ti dúró ní Ìkẹ́rẹ́ tí ó wo òkè Olósùnta mọ irú ilẹ̀ tí a jókòó lé. Òkúta líle ni ó wà nísàlẹ̀. Ilẹ̀ pupa àti òkúta tí ó ti rà ni ó wà lórí rẹ̀, inú ìpele yìí àti inú pàlàpálá òkúta ni omi kànga wa ń gbé. Kò jìn. Oje tí ń ro láti inú ààtàn kò ní ìrìn àjò gígùn láti rìn kí ó tó bá omi mímu pàdé. Bí ó bá sì gba inú pàlàpálá òkúta, a kò lè fi ojú mọ ibi tí yóò ti yọ. Odò Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ tí ó gba apá ilẹ̀ wa yìí kọjá kò mọ ààlà ìjọba ìbílẹ̀: ohun tí ìlú kan dà sínú rẹ̀ ni ìlú tí ó wà nísàlẹ̀ yóò bu mu.

Ààtàn tí a fi ètò ṣe kì í ṣe ohun tuntun ní ayé. Àwọn ará Athens ti pàṣẹ ní nǹkan bí 2,500 ọdún sẹ́yìn pé a kò gbọdọ̀ da ilẹ̀ sí itòsí odi ìlú. Ní 1937 ni Fresno ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ èyí tí a fi ń ṣe àwòkọ́ṣe: kòtò ni wọ́n gbẹ́, wọ́n tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú rẹ̀, wọ́n sì ń fi erùpẹ̀ bò ó lójoojúmọ́. Lẹ́yìn náà ni a fi kún un pé kí amọ̀ tàbí ike nípọn wà ní ìsàlẹ̀ kòtò, kí ọ̀nà wà tí a ó fi gba oje rẹ̀ jọ, kí ihò wà tí gáàsì yóò gbà jáde, kí a sì máa yẹ omi kànga àyíká wò.

Ẹ jẹ́ kí a wá ṣe ìṣirò. Ìwádìí Báńkì Àgbáyé tí ó jáde ní 2018 fi hàn pé ènìyàn kan ní ìhà gúúsù Sàhárà ń dà tó kílógíráàmù 0.46 nù lójúmọ́. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní ìdajì kílò. Bí ìlú kan bá ní 100,000 ènìyàn, tọ́ọ̀nù 50 ni lójúmọ́, 18,250 ni lọ́dún. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tí tọ́ọ̀nù kan gba ìlọ́po méjì àyè tí ó jẹ́ mítà kan ní ìbú, òòró àti gíga, tí a fi ìdá kan nínú márùn-ún kún un fún erùpẹ̀ ìbòrí, tí a sì tò ó tó mítà 10, hẹ́kítà 9 ni yóò kún ní 20 ọdún. Bí ènìyàn bá sì ń pọ̀ sí i ní ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọọdún, ó di bí hẹ́kítà 12, láìka ọ̀nà, ọgbà àti igbó tí ó yẹ kí ó yí i ká.

Ṣùgbọ́n ìwádìí kan náà sọ pé ó lé ní ìdá méjì nínú márùn-ún ohun tí a ń dà nù ní ìhà yìí tí ó jẹ́ oúnjẹ àti ewé, ohun tí ń jẹrà. Bí a bá ṣa ìdá méjì yìí kúrò láti ilé àti láti ọjà, kí a sọ ọ́ di ajílẹ̀ fún oko, ààtàn tí ìbá kún ní 20 ọdún yóò tó bí ọdún 29. Ọdún mẹ́sàn-án tí a jèrè yìí, kì í ṣe ẹ̀rọ ni ó mú un wá. Kòtò méjì ìyá mi àgbà ni.

Àgbálọgbábọ̀

Mo ti gbìyànjú láti fi hàn pé àwọn baba wa kò mọ́ jù wá lọ, wọn kò sì dọ̀tí jù wá lọ. Wọ́n ní ààtàn tí ó ní olówó, tí ó ní òfin, tí ó sì ní òpin. Ìjọba àmúnisìn gba olówó rẹ̀ lọ, ọjà ayé òde òní ba òfin rẹ̀ jẹ́, àwa fúnra wa ni a sì gbàgbé pé ó yẹ kí ó ní òpin. Nítorí náà, mo ń bẹ àwọn tí àṣẹ wà lọ́wọ́ wọn ní ohun mẹ́ta.

Kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ gúúsù Èkìtì jókòó pọ̀ pẹ̀lú àwọn ọba wọn, kí wọ́n sì yan ilẹ̀ kan fún gbogbo wọn nísinsìnyí tí ilẹ̀ ṣì wà, nítorí pé ẹgbàá ilé yóò wà níbẹ̀ ní ogún ọdún sí i. Kí a kọ orúkọ ẹni tí ń bójú tó o àti ọdún tí yóò kún sí ara ìwé kan náà tí a fi gba ilẹ̀ náà, pẹ̀lú ohun tí a ó fi í ṣe lẹ́yìn náà. Kí àwọn ará abúlé tí yóò bá a gbé sì wà nínú ìgbìmọ̀ láti ọjọ́ kìíní, kí a máa yẹ kànga wọn wò lọ́dọọdún, kí èsì rẹ̀ sì wà ní gbangba.

Yóò ná wa lówó. Ó máa ń rọrùn láti wí pé kí a wá kòtò kan fún ti ọdún yìí ná. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀míì. Àkìtàn kì í kọ ilẹ̀, òótọ́ ni. Ohunkóhun tí a bá gbé wá ni yóò gbà. Àwa ni ó yẹ kí ó mọ èyí tí a ó kọ̀. Àwọn àgbà sì tún ní, ẹni tí ó da eérú ni eérú ń tọ̀. Èyí tí àwa dà, àwọn ọmọ wa ni yóò tọ̀ bí a kò bá wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí.